Ẹsẹ̀ Ni Ọkọ̀: Ìtọ́sọ́nà fún Ẹni Tó Fẹ́ Lọ Wo Ìnàkí Nínú Igbó Kìjikìji Ùgáńdà

Wákàtí kan péré ni wọ́n ń fún àlejò lọ́dọ̀ gọ̀rílà nínú igbó Bwindi. Àlejò láti òkè òkun ń san 800 dọ́là Amẹ́ríkà fún wákàtí kan yẹn, ẹsẹ̀ rẹ̀ ló sì máa gbé e débẹ̀, torí mọ́tò kì í wọ inú igbó náà. Ìrìn ọ̀hún lè má ju ogójì ìṣẹ́jú lọ, ó sì lè gba wákàtí mẹ́fà nínú ẹrẹ̀ àti èsìsì, ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè. Ẹni tó bá múra bí ẹni tó ń lọ wo ẹranko ní ọgbà Yunifásítì Ìbàdàn lọ́jọ́ ọdún, igbó náà á kọ́ ọ lọ́gbọ́n kí aago mẹ́wàá tó lù.

Síbẹ̀, ètò tí kò tò ló ń ba ìrìn-àjò yìí jẹ́ fún èèyàn ju igbó lọ. Wọ́n á ra tíkẹ́ẹ̀tì bàálù, wọ́n á gba ilé ìtura, ìgbà tó bá ku ọ̀sẹ̀ méjì ni wọ́n á ṣẹ̀ṣẹ̀ máa wá ìwé àṣẹ tí wọ́n fi ń lọ wo gọ̀rílà. Ẹ yí i padà. Ìwé àṣẹ ló ń sọ ọjọ́ àti apá igbó tí ẹ máa wọ̀, apá igbó yẹn ló ń sọ ibi tí ẹ máa sùn, ibùsùn ló ń sọ ọ̀nà tí ẹ máa gbà, bàálù ló kẹ́yìn. Bẹ́ẹ̀ náà ni mo ṣe máa tò ó níbí.

Kí ló dé tó fi jẹ́ Ùgáńdà?

Ìnàkí kò ṣàì sí nílé wa. Ṣimpansí ṣì wà nínú igbó ọba Omo ní ìpínlẹ̀ Ògùn àti nínú àwọn igbó kan ní Oǹdó àti Èkìtì. Gọ̀rílà Cross River náà wà ní ààlà Nàìjíríà àti Kamẹrúùnù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé gbogbo wọn kò ju bí 300 lọ. Ṣùgbọ́n ìbọn ọdẹ ti kọ́ wọn láti sá tí wọ́n bá ti gbúròó ẹsẹ̀ èèyàn. Ẹ lè rin igbó Omo títí kí ẹ má rí ju ìtẹ́ tí wọ́n sùn sí lórí igi lọ.

Ní Ùgáńdà, àwọn ẹ̀ṣọ́ igbó máa ń lọ jókòó ti agbo gọ̀rílà kan lójoojúmọ́ fún ọdún méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, títí ojú ẹranko náà yóò fi mọ́ èèyàn, kí wọ́n tó jẹ́ kí àlejò kankan débẹ̀. Agbo Mubare ní Buhoma ni wọ́n kọ́kọ́ ṣí fún àlejò, ní oṣù Kẹrin ọdún 1993. Irú gọ̀rílà yìí, tí orí òkè ni ilé rẹ̀, kò sí nínú ọgbà ẹranko kankan láyé. Iye tí wọ́n kéde ní 2019 jẹ́ 1,063, ní Bwindi àti ní àwọn òkè Virunga tí Ùgáńdà, Rùwáńdà àti Kóńgò jọ pín.

Ìdí kejì ni Kibale. Nínú igbó kan ṣoṣo yẹn, oríṣi ẹ̀yà ọ̀bọ àti ìnàkí 13 ló wà, ṣimpansí ibẹ̀ nìkan sì tó bí 1,500. Ọ̀nà kan náà ló so Kibale mọ́ Bwindi, ẹ lè rí méjèèjì láàárín ọjọ́ mẹ́jọ sí mẹ́wàá láìsáré pa ara yín.

Ìwé àṣẹ ni àkọ́kọ́

Àjọ Uganda Wildlife Authority, tí gbogbo èèyàn ń pè ní UWA, ló ń ta ìwé àṣẹ. Ìdíyelé tó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Keje 2024 fi ti gọ̀rílà sí 800 dọ́là fún àlejò láti òkè òkun, ó sì fi ti ṣimpansí ní Kibale sí 250. Ẹni tó bá ń lo ìwé ìrìnnà orílẹ̀-èdè Áfíríkà mìíràn, bíi ti Nàìjíríà tàbí Bẹ̀nẹ̀, ní ìdíyelé tirẹ̀: 500 dọ́là fún gọ̀rílà. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní London tàbí Houston tí ẹ ní ìwé ìrìnnà méjì, ẹ ronú dáadáa kí ẹ tó fi ti Gẹ̀ẹ́sì tàbí ti Amẹ́ríkà ra ìwé àṣẹ. Ìdílé ẹlẹ́ni mẹ́rin máa fi 1,200 dọ́là sápò nípa mímú ìwé ìrìnnà aláwọ̀ ewé jáde. Ìwé ìrìnnà tí ẹ bá fi rà á náà ni ẹ gbọ́dọ̀ mú dání lọ́jọ́ ìrìn, torí wọ́n máa ń fi nọ́ńbà rẹ̀ wé ti orí ìwé àṣẹ.

Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń gba ọwọ́ aṣètò ìrìn-àjò ní Kampala, olú ìlú Ùgáńdà, rà á, kò sì burú. Ohun tí mo máa ń tẹnu mọ́ ni pé kí ẹ ní kí aṣètò fi ẹ̀dà ìwé àṣẹ tí orúkọ yín wà lórí rẹ̀ ránṣẹ́ kí ẹ tó san owó tó kù. Ẹni tó bá ní “ẹ má ṣèyọnu, ó ti wà nílẹ̀” láìfi nǹkan kan hàn, kò tíì rà á. Ẹ ní kó kọ ẹ̀ka ìdíyelé tó lò fún yín sílẹ̀ pẹ̀lú. Àwọn kan máa ń fi ìwé ìrìnnà Nàìjíríà ra ti 500, wọ́n á sì gba 800 lọ́wọ́ yín.

Àlejò mẹ́jọ péré ló ń lọ sọ́dọ̀ agbo gọ̀rílà kan lójúmọ́, ìdí rẹ̀ nìyẹn tí ìwé àṣẹ fi ń tán. Bí ẹ bá fẹ́ lọ láàárín oṣù Kẹfà sí Kẹsàn-án tàbí láti Kejìlá sí Kejì, tí òjò kì í pọ̀, ẹ bẹ̀rẹ̀ ní oṣù mẹ́fà ṣáájú. Oṣù Kẹta sí Karùn-ún àti Kẹwàá sí Kọkànlá jẹ́ àsìkò òjò: ilẹ̀ á máa yọ̀, ilé ìtura á dín owó kù, ìwé àṣẹ á sì rọrùn láti rí. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ le, tí kò sì bẹ̀rù ẹrẹ̀, kó má jẹ́ kí òjò lé òun sá.

Ẹni tí kò tíì pé ọmọ ọdún 15 kò lè wọlé lọ wo gọ̀rílà. Kò sí ẹ̀bẹ̀ níbẹ̀, bó ti wù kí ọmọ náà ga tó.

Rùwáńdà náà ní gọ̀rílà o, ibẹ̀ sì rọrùn láti dé: láti Kigali dé orí òkè kò pẹ́. Ṣùgbọ́n láti 2017 ni wọ́n ti gbé owó tiwọn sí 1,500 dọ́là fún àlejò láti òkè òkun. Ẹni tí owó kò dùn, tí àyè ọjọ́ sì ń dùn, lè gba ibẹ̀. Apá Kóńgò dín owó ju gbogbo wọn lọ, àmọ́ ogun wà níbẹ̀, mi ò ní rán ẹnikẹ́ni lọ.

Apá mẹ́rin, igbó kan

Bwindi kì í ṣe ẹnu ọ̀nà kan ṣoṣo. Ibi mẹ́rin ni wọ́n ti ń wọ̀ ọ́: Buhoma ní àríwá, Ruhija ní ìlà-oòrùn, Rushaga àti Nkuringo ní gúúsù. Ìwé àṣẹ yín máa dárúkọ ọ̀kan nínú wọn, ẹ ò sì lè yí i padà ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà. Lójú àwòrán ilẹ̀, Buhoma àti Rushaga dà bí ẹni pé wọ́n fara kanra, ṣùgbọ́n igbó ló wà láàárín wọn. Mọ́tò máa ń yí òkè po fún wákàtí mẹ́ta sí mẹ́rin. Mo mọ ìdílé kan tí aṣètò wọn gba ilé ìtura fún ní Buhoma nígbà tó jẹ́ Rushaga ló wà lórí ìwé àṣẹ wọn. Aago mẹ́ta òru ni wọ́n jí, wọ́n débẹ̀ nígbà tí àwọn yòókù ti ń wọ igbó lọ.

Buhoma ló pẹ́ jù, ilé ìtura rẹ̀ pọ̀, ọ̀nà ibẹ̀ kò sì le tó ti gúúsù. Ruhija ga tó bí 2,300 mítà, òtútù ibẹ̀ kì í ṣeré: ẹni tó bá wá láti Èkó á máa wá kúbùsù kejì lóru. Rushaga ní agbo gọ̀rílà tó pọ̀ jù, nítorí náà ìwé àṣẹ ibẹ̀ ló máa ń kù nígbà tí ti ibòmíràn bá ti tán. Ibẹ̀ náà ni wọ́n ti ń jẹ́ kí àlejò mẹ́rin bá àwọn ẹ̀ṣọ́ lọ sọ́dọ̀ agbo tí ojú rẹ̀ kò tíì mọ́ èèyàn tán, wákàtí mẹ́rin dípò ọ̀kan, fún 1,800 dọ́là. Nkuringo lẹ́wà jù lójú tèmi, torí ẹ máa rí àwọn òkè Virunga láti àgbàlá ilé ìtura. Ṣùgbọ́n ọ̀gbun ni wọ́n ń sọ̀ kalẹ̀ sí kí wọ́n tó rí gọ̀rílà, ohun tí ẹ bá sì sọ̀ kalẹ̀ ní òwúrọ̀ ni ẹ máa gùn padà ní ọ̀sán. Orúnkún tó ń dun èèyàn kò bá Nkuringo ṣe.

Bàálù, físà àti ibà

Láti Èkó, Uganda Airlines ti ń fò lọ sí Entebbe, ibi tí pápákọ̀ òfurufú Ùgáńdà wà, láti oṣù Kẹwàá 2023, RwandAir sì ń lọ sí Kigali. Àwọn kan ń wọlé gba Entebbe, wọ́n ń gba Kigali jáde. Mo fara mọ́ ọn, torí láti gúúsù Bwindi dé Kigali kò ju bí wákàtí mẹ́rin sí márùn-ún lọ, nígbà tí Kampala lè gbà tó mẹ́sàn-án tàbí mẹ́wàá. Físà Ùgáńdà jẹ́ 50 dọ́là lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Bí ẹ bá fẹ́ wọ Ùgáńdà, Rùwáńdà àti Kẹ́ńyà nínú ìrìn-àjò kan, físà àjọlò kan wà tó jẹ́ 100 dọ́là fún mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Káàdì abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú pọn dandan. Fún ibà ẹ̀fọn, ọ̀rọ̀ mi fún àwọn tó ti pẹ́ lókè òkun le díẹ̀. Gbólóhùn “ibà kì í ṣe mí, ọmọ Ìbàdàn ni mí” ti gbé ọ̀pọ̀ èèyàn dé ilé ìwòsàn. Bí èèyàn bá ti lo ọdún bíi mélòó kan níbi tí kò sí ẹ̀fọn tó ń gbé ibà, agbára tí ara rẹ̀ ní tẹ́lẹ̀ á ti dín kù. Ẹ rí dókítà, kó fún yín ní oògùn tí wọ́n ń lò ṣáájú.

Ẹsẹ̀ àti ẹrù

Bwindi ga láti 1,160 mítà dé 2,607, igbó náà sì nípọn débi pé wọ́n fi í sínú orúkọ rẹ̀ lédè Gẹ̀ẹ́sì pé kò ṣeé là kọjá. Ẹ kò nílò kí ẹ jẹ́ sárésáré. Ohun tí ẹ nílò ni itan tó lè gun òkè, tó sì lè sọ̀ kalẹ̀, fún wákàtí mẹ́ta láìgbọ̀n. Fún oṣù méjì ṣáájú, ẹ máa gun àtẹ̀gùn pẹ̀lú àpò lẹ́yìn. Ẹni tó wà nílé tó bá lè gun òkè Ìdànrè lọ bọ̀, àtẹ̀gùn rẹ̀ tó lé ní 600, láì dúró fi ọwọ́ di ìbàdí ní gbogbo ibi ìsinmi, ti múra tán. Sísọ̀ kalẹ̀ ni kí ẹ fi dánra wò jù. Òun ló ń ba orúnkún jẹ́.

Bàtà tó bo ọrùn ẹsẹ̀, tí ẹ ti wọ̀ káàkiri àdúgbò títí tó fi rọ̀. Bàtà tuntun nínú igbó, egbò ni. Ìbọ̀sẹ̀ gígùn tí ẹ máa ki ẹnu ṣòkòtò bọ̀, nítorí ìjàlọ: wọn kì í kéde ara wọn, ẹ ò ní mọ̀ títí wọ́n á fi dé orúnkún. Ìbọ̀wọ́ tí àwọn bíríkìlà ń lò tó, ẹ má wulẹ̀ ra olówó iyebíye. Ìdí tí ẹ fi nílò rẹ̀ ni pé tí ẹsẹ̀ bá ti yọ̀, ọwọ́ á gbá ohun tó bá sún mọ́ ọn mú, èsìsì sì ló sábà máa ń jẹ́. Aṣọ òjò, àní nínú ẹ̀ẹ̀rùn. Omi lítà méjì. Ìbòmú mẹ́ta, kì í ṣe ọ̀kan, torí òógùn á mú àkọ́kọ́ rẹ̀ rin.

Ẹ fi aṣọ aláwọ̀ sójà sílé, òfin Ùgáńdà kò gbà á lára ará ìlú. Ẹ má sì wọ aṣọ dúdú tàbí aláró lọ sí pápá ẹranko Queen Elizabeth, tó wà láàárín Kibale àti Bwindi, òun ni eṣinṣin tsetse fẹ́ràn jù. Àti pé, ẹ bá mi mú ata gígún díẹ̀ dání. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ matooke pẹ̀lú ọbẹ̀ ẹ̀pà dùn, ṣùgbọ́n ata kò sí nínú rẹ̀.

Kibale: ṣimpansí ṣáájú gọ̀rílà

Ẹ jẹ́ kí ṣimpansí ṣáájú. Ilẹ̀ Kibale kò le tó ti Bwindi, ibẹ̀ ni ẹ ti máa mọ̀ bóyá bàtà yín dára, bóyá àpò yín wúwo jù. Ìdí mìíràn wà tí àwọn aṣètò kì í sọ: ẹni tó bá ti jókòó ti gọ̀rílà ní mítà mẹ́wàá, ojú rẹ̀ á ti kún jù láti tún wá máa sáré tẹ̀lé ṣimpansí tó wà lókè igi.

Láti Entebbe ẹ máa sun ìlú Fort Portal tàbí ẹ̀bá igbó. Ẹ gba ìpàdé òwúrọ̀ ní Kanyanchu, ibi tí ìrìn ṣimpansí ti ń bẹ̀rẹ̀ ní Kibale, kì í ṣe ti ọ̀sán. Láàárọ̀ ni àwọn ṣimpansí ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kúrò lórí ìtẹ́, wọ́n sì máa ń sọ̀ kalẹ̀. Ẹ̀ṣọ́ kan, ìbọn kan, àlejò mẹ́fà. Ìbọn náà wà fún erin, ojú òfurufú sì ni wọ́n ń yìn ín sí.

Etí ni ẹ máa fi wá wọn kí ojú tó rí wọn. Ọ̀kan á bẹ̀rẹ̀ sí í mí hẹlẹhẹlẹ, ohùn rẹ̀ á máa ga sí i títí á fi di igbe, àwọn yòókù á gbè é, lẹ́yìn náà ẹ ó gbọ́ gbì-gbì-gbì: gbòǹgbò pẹlẹbẹ igi ńlá ni wọ́n ń fi ẹsẹ̀ lù bí ìlù. Nígbà yẹn ni ẹ̀ṣọ́ á bẹ̀rẹ̀ sí í yára, kẹ́ ẹ yára tẹ̀lé e. Ṣimpansí kì í dúró de àlejò. Bí ẹ bá bá wọn nídìí igi ọ̀pọ̀tọ́ tó ń so, oríire yín ni, wọn kò ní kúrò níbẹ̀ bọ̀rọ̀. Ẹ dúró sí ẹ̀gbẹ́, ẹ má dúró sí abẹ́ wọn gan-an. Ẹni tó bá dúró sábẹ́ wọn máa mọ ìdí.

Ẹ wo ọwọ́ àti ẹsẹ̀ wọn dáadáa. Ẹ lè rí èyí tí ìka rẹ̀ ti gé, tàbí tí ọwọ́ rẹ̀ ti rọ. Tàkúté waya tí wọ́n dẹ fún ẹtu àti ẹlẹ́dẹ̀ igbó ló ṣe é. Àwa tí a fẹ́ràn ẹran ìgbẹ́, ẹ má bèèrè rẹ̀ nílé oúnjẹ kankan níbẹ̀, kódà bí àwàdà.

Ọ̀sán ọjọ́ náà, ẹ má lọ sùn. Ìrìn Bigodi wà nítòsí, nínú àbàtà tí àwọn ará abúlé fúnra wọn ń tọ́jú, owó rẹ̀ sì ń lọ sí ilé ẹ̀kọ́ àti omi àdúgbò. Ilẹ̀ rẹ̀ tẹ́jú, ẹ̀rọ kámẹ́rà yín á ṣiṣẹ́ jù níbẹ̀ ju inú igbó lọ. Ẹdun inú oríkì ìbejì wà níbẹ̀, èyí tó dúdú tó ní irun funfun gígùn léjìká, àti ìbátan rẹ̀ tó pupa. Agbe ńlá náà wà, ó tóbi ju èyí tí a mọ̀ nílé lọ, aró ara rẹ̀ sì ń dán.

Ọjọ́ kan tàbí méjì ní Queen Elizabeth, lórí ọkọ̀ ojú omi ní Kazinga láàárín erinmi àti ẹfọ̀n, á fún ẹsẹ̀ ní ìsinmi. Bí ìwé àṣẹ yín bá jẹ́ ti Buhoma, ẹ gba ọ̀nà Ishasha, níbi tí kìnnìún ti ń gun igi ọ̀pọ̀tọ́ sùn ní ọ̀sán.

Bí òtútù bá ń mú yín, ẹ sọ

Mo fẹ́ dúró lórí èyí pẹ́, torí òun ni àlejò máa ń fojú kéré jù. Gọ̀rílà àti ṣimpansí sún mọ́ wa débi pé àìsàn wa ń ràn wọ́n, wọn kò sì ní agbára tí ara wa ní láti lé e. Ní 1996, àrùn awọ ara tó ń yúnni (scabies) ran agbo gọ̀rílà kan ní Bwindi, ọmọ kékeré kan sì kú nínú wọn. Dókítà ẹranko Gladys Kalema-Zikusoka, tó ń bá àjọ ìjọba ṣiṣẹ́ nígbà náà, ló tọ́jú wọn. Ó hàn pé láti ọ̀dọ̀ àwọn èèyàn abúlé ni àrùn náà ti wá, bóyá láti ara àkísà aṣọ tí wọ́n gbé lé aṣọ́komásùn lóko. Ìdí nìyẹn tí obìnrin náà fi dá ẹgbẹ́ Conservation Through Public Health sílẹ̀ ní 2003: ẹ tọ́jú ará abúlé, gọ̀rílà á yè.

Ní 2013, ní apá Kanyawara nínú igbó Kibale, kòkòrò kan tó jẹ́ pé ọ̀fìnkìn lásán ló ń fà fún èèyàn wọ agbo ṣimpansí kan tó jẹ́ 56. Márùn-ún kú nínú wọn.

Nítorí náà, bí imú yín bá ń dà tàbí tí ẹ ń wúkọ́ lówùúrọ̀ ọjọ́ náà, ẹ sọ fún ẹ̀ṣọ́ kí òun tó rí i. Mo mọ̀ pé 800 dọ́là dun èèyàn. Ẹ bi aṣètò yín kí ẹ tó kúrò nílé nípa iye tí wọ́n máa dá padà tí àìsàn bá dé, kẹ́ ẹ sì ra ìwé adójútòfò ìrìn-àjò tó mẹ́nu kan ìwé àṣẹ. Ẹ fara pamọ́ fún òtútù nínú bàálù. Ẹ fọ bàtà yín kí ẹ tó wọ igbó. Ìbòmú ò gbọdọ̀ kúrò lójú lọ́dọ̀ wọn, kódà fún fọ́tò. Mítà mẹ́wàá ni àlàfo tó yẹ. Bí ọmọ gọ̀rílà bá ń bọ̀ wá bá yín, ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ máa fà sẹ́yìn. Bí ikọ́ bá dé lójijì, ẹ kọ ẹ̀yìn sí wọn kí ẹ wúkọ́ sínú ìgbúnwọ́. Bí ìgbọ̀nsẹ̀ bá sì gbọ̀n yín, ẹ sọ fún amọ̀nà, á fi àdá gbẹ́ ihò jíjìn, á sì bò ó.

Ọjọ́ gọ̀rílà

Aago méje àbọ̀ ni kí ẹ ti dé ọ́fíìsì. Àwọn atọpasẹ̀ ti wọ igbó kí ojúmọ́ tó mọ́ dáadáa. Wọ́n lọ síbi tí agbo ti sùn lánàá, wọ́n ń tẹ̀lé ìtẹ́, ìgbẹ́ àti ewé tí wọ́n jẹ, wọ́n sì ń fi rédíò bá amọ̀nà sọ̀rọ̀. Kí wọ́n tó pín yín sí agbo, ẹ sọ ohun tí ara yín lè gbé. Bí ẹ bá mú bàbá tàbí màmá tó ti lé ní ọgọ́ta dání, ẹ lọ bá olórí wọn ní ìdákẹ́jẹ́, ẹ kí i dáadáa (“Agandi” ni wọ́n ń kíra wọn níbẹ̀), kí ẹ ní kó bá yín wá agbo tó sún mọ́. Ìtìjú kò sí níbẹ̀. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbé e rárá, wọ́n lè gbé e lọ gbé e bọ̀ lórí àga tí ọkùnrin bíi mélòó kan ń pàṣípààrọ̀ rẹ̀ léjìká. Àṣà wọn nìyẹn láti gbé aláìsàn lọ sí ilé ìwòsàn tipẹ́. Ẹ sọ ọ́ fún aṣètò ṣáájú, ó ní owó tirẹ̀.

Ẹ gba alábàárù, kódà tí ẹ bá lágbára. Owó rẹ̀ wà láàárín 15 sí 20 dọ́là. Ará abúlé ni, ọwọ́ rẹ̀ ló máa fà yín níbi tó bá ga, òun sì ni igbó náà ń bọ́ nípasẹ̀ yín, kó má baà ní ìdí láti padà sí dídẹ tàkúté. Ní oṣù Kẹfà 2020, nígbà tí kòrónà ti lé gbogbo àlejò lọ, ọdẹ kan tí kò gbàṣẹ pa Rafiki, baba agbo gọ̀rílà tó gbajúmọ̀ ní Nkuringo. Ilé ẹjọ́ rán an ní ẹ̀wọ̀n ọdún 11.

Nígbà tí ẹ bá dé ọ̀dọ̀ àwọn atọpasẹ̀, ẹ máa sọ àpò, ọ̀pá àti oúnjẹ kalẹ̀, ẹ ó wọ ìbòmú, aago á bẹ̀rẹ̀. Ẹ pa iná kámẹ́rà kó má baà tàn. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá àkọ́kọ́, ẹ fi ya àwòrán tí ẹ fẹ́ yà. Lẹ́yìn náà ẹ fi fóònù sápò kí ẹ wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀: bí ìyá ṣe ń tú irun ọmọ, bí àwọn ọ̀dọ́ ṣe ń fi ọwọ́ lu àyà gbéra ga síra wọn, bí wọ́n ṣe ń bó èèpo igi jẹ. Baba agbo, tí irun ẹ̀yìn rẹ̀ ti funfun, lè dìde kó sáré tọ̀ yín wá. Ẹ má sá. Ẹ lóṣòó, ẹ wolẹ̀, ẹ má tẹjú mọ́ ọn. Amọ̀nà á dún bíi gọ̀rílà, ìró pẹ̀lẹ́ láti inú ọ̀fun, baba agbo náà á sì fara balẹ̀. Èèyàn tó bá sá ló ń sọ ọ́ di ìjà.

Ẹ mú owó kéékèèké dání fún amọ̀nà àti àwọn atọpasẹ̀, Ṣílè Ùgáńdà dára. Àwọn dọ́là yín, kó jẹ́ tuntun tí kò ya. Banki àti olùpààrọ̀ owó ibẹ̀ kì í gba èyí tó ti gbó.

Bí ọjọ́ bá ṣẹ́ kù, ẹ sun adágún Bunyonyi lẹ́bàá Kabale, kí ẹ wa ọkọ̀ ọlọ́pọ́n. Àwọn Batwa náà wà lágbègbè yìí, àwọn tó ń gbé inú igbó náà kí ìjọba tó lé wọn jáde nígbà tí Bwindi di ọgbà igbó orílẹ̀-èdè (national park) ní 1991. Wọ́n ń mú àlejò rìn, wọ́n ń fi ewé oògùn àti ọ̀nà ìṣọdẹ wọn hàn. Ẹ bèèrè ẹni tí owó náà ń dé ọwọ́ rẹ̀ kí ẹ tó san án. Bí ó bá jẹ́ pé ilé ìtura ló ń gba gbogbo rẹ̀, ẹ wá ẹlòmíràn.

Ẹni tó bá ń gba ẹnubodè Katuna lọ sí Kigali, kó kó gbogbo àpò ọ̀rá kúrò nínú ẹrù rẹ̀. Rùwáńdà ti fòfin dè é láti 2008, wọ́n máa ń tú ẹrù wò. Oògùn ibà yín kò parí lọ́jọ́ tí ẹ dé ilé o: bí ó bá jẹ́ Malarone, ẹ lò ó fún ọjọ́ méje sí i, bí ó bá jẹ́ doxycycline, ọ̀sẹ̀ mẹ́rin.